Ìka Tí Ìyàwó Bíríkìlà Yá Ọkọ Rẹ̀ Lò

Ẹni tó bá ní òun ò purọ́ rí láyé òun, kó dìde dúró ká wo ojú ẹ̀. Irọ́ tí ìyàwó bíríkìlà pa kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ìka ọwọ́ ló fi pa á, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi parí. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni irọ́ ọ̀hún fi sùn bí ọmọ tó mu ọmú yó, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àfi ìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tó ta jí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó bíríkìlà ń nu ilẹ̀ yàrá àwọn aláìsàn obìnrin ní ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn: kó gbálẹ̀, kó nu ilẹ̀, kó da omi ìdọ̀tí nù, kó tún padà wá ṣe é lọ́la. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Ó fi igi ìnulẹ̀ ti ògiri, ó nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́, ó wò ó. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, láti ọ́fíìsì káàdì ìdánimọ̀. Wọ́n ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ti yí padà, tuntun nìyí, kó má ṣe lo ti àtijọ́ mọ́.

"Yí padà kẹ̀?" ó ní. "Ṣé nọ́ńbà náà máa ń kó kúrò nílé bí ayálégbé ni?"

Aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ògiri bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nọ́ńbà yìí fẹ́ bà jẹ́ fún yín. Obìnrin yìí kò fẹ́ dàgbà sídìí igi ìnulẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, tó ń jókòó láàárín àwọn ọmọge tí kò ju ọmọ tó bí lọ, kó ṣáà lè di olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó mọ aláìsàn tí kò jẹun. Ó mọ èyí tó ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di igi ìnulẹ̀ mú níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó di ọwọ́ aláìsàn mú. Ìdánwò nìkan ló lè gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ kó fún un ní ìkejì. Òfin ìdánwò náà sì le: ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún kò lè ṣe é mọ́. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí ìyàwó bíríkìlà pé àádọ́ta. Ìdánwò tọdún yìí, tó bọ́ sí Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹrin sígbà yẹn, ni àkọ́kọ́ tó máa ṣe, òun náà sì ni ìkẹyìn.

Mẹ́tírónì ilé ìwòsàn, obìnrin sísanra kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ló ń bá gbogbo àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò tẹ ìwé ìwọlé wọn jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, ó tẹ nọ́ńbà àtijọ́ ìyàwó bíríkìlà sínú kọ̀ǹpútà, àmì kan sì yọ. Pupa. Ó tẹ tuntun. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Kí lo ṣe fún nọ́ńbà rẹ?" Mẹ́tírónì bi í.

"Mà, mi ò ṣe é ní nǹkan kan. Òun ló ṣe mí."

"Nọ́ńbà àtijọ́ lo fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, wọ́n sì ti pa nọ́ńbà yẹn rẹ́. Lọ sí ọ́fíìsì wọn. Kí wọ́n fún ọ ní lẹ́tà pé ẹni tó ni ti àtijọ́ náà ló ni tuntun. Bí o bá mú lẹ́tà yẹn dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìdánwò, wàá wọlé. Bí o ò bá mú un dé, kódà kó jẹ́ èmi ni mo bí ọ lọ́mọ, ìta lo máa wà."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó bíríkìlà gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ. Àjà kẹta ilé kan ni ọ́fíìsì náà wà. Fèrèsé mẹ́rin ni wọ́n ṣe síbẹ̀ fún àwọn èrò, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀kan ṣoṣo ni èèyàn wà. Ní mẹ́ta yòókù, eruku ló ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin onígíláàsì kan, tó ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó wá yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Àwòrán èèyàn méjì ló wà níbẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yin rèé. Ta ni bàbá yìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ kú oríire. Kí ló wá dé tí ìka ọwọ́ ọkọ yín fi jẹ́ ìka ọwọ́ yín?"

Àyà ìyàwó bíríkìlà já. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Ẹ wò ó, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan tí wọ́n ti ń ya èèyàn fún káàdì, oòrùn ń mú, ìlà gùn dé ojú títì. Wọ́n ti ya ìyàwó tán, ó kan ọkọ. Bíríkìlà yìí, láti ọmọ ogún ọdún ló ti ń fọwọ́ lásán po sìmẹ́ǹtì, tó ń gbé búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ gbogbo ìlà ìka rẹ̀ tán. Ó tẹ ìka sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àwọn èrò ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan lọ́gun pé, "Bàbá yìí ò níka! Ẹ ní kó lọ gbé e wá nílé!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà tó ga tó ilẹ̀kùn, tó ń fi ọwọ́ kan gbé búlọ́ọ̀kù, orí rẹ̀ wálẹ̀ bí i tọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Ìyàwó rẹ̀ rí i, kò lè mú un mọ́ra. Bí ẹni tó ń yà wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún wáyà kan ṣe lábẹ́ tábìlì, obìnrin náà na ọwọ́ gba abẹ́ apá ọkọ rẹ̀ kọjá, ó gbé ìka tirẹ̀ lé gíláàsì ẹ̀rọ náà, ọ̀tún, òsì, àtàǹpàkò méjèèjì. Ẹ̀rọ dún, ó gbà. Ẹni náà gbórí sókè láti abẹ́ tábìlì, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Bàbá, ẹ ò rí i pé ó rọrùn!"

Gbogbo rẹ̀ ni ìyàwó bíríkìlà rò fún akọ̀wé. Akọ̀wé yọ gíláàsì, ó ń nu ojú. Ìyàwó bíríkìlà rò pé ó ń sunkún ni, àṣé ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹ má bínú, Màámi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín." Ó wọ gíláàsì padà. "Kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n gbé wá lóṣù tó kọjá ló rí i. Ó rí ìka kan náà lára èèyàn méjì, ló bá ti nọ́ńbà méjèèjì pa. Ó fún yín ní tuntun nítorí pé ẹ̀yin lẹ ni ìka. Bàbá kò ní nǹkan kan ní tiwọn. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò tíì bí wọn."

"Wọn ò tíì bí wọn kẹ̀? Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Lẹ́tà yín kò sì lè jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì máa wá, ẹ máa kọ òtítọ́ sílẹ̀, ẹ máa fọwọ́ sí i. Bàbá á wá fi ìka ara wọn tẹ̀ ẹ́. Ìka mẹ́rin péré ti tó. Bí ẹ̀rọ bá ti gbà á, mo máa tẹ lẹ́tà yín jáde lójú ẹsẹ̀."

"Bí kò bá gbà á ńkọ́?"

"A máa kọ̀wé sí olú-ọ́fíìsì nìyẹn. Èsì wọn máa ń tó oṣù mẹ́fà."

Oṣù mẹ́fà! Ìyàwó bíríkìlà kò mọ ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun lòun fọwọ́ ara òun ṣe ara òun. Nígbà tó délé, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú ilé, ó ń fọ ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kó nu ẹsẹ̀ tán tó fi tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Bíríkìlà da omi ẹsẹ̀ náà nù. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni wọn ò tíì bí?"

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn."

"Ta ló wá ń kọ́ gbogbo ilé tí wọ́n ń gbé?" Ó mú bàtà rẹ̀. "Ọ̀la ni ká lọ. Ìdánwò yẹn, wàá ṣe é."

Wọ́n lọ. Wọ́n kọ òtítọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Bíríkìlà jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ ìka mẹ́wàá, ẹ̀rọ kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Akọ̀wé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i sí ibi tí iná ti mọ́lẹ̀. Ó dán bí ìdí abọ́.

"Àbúrò bàbá mi náà ṣe iṣẹ́ yìí," akọ̀wé ní. "Ẹ má bẹ̀rù. Ìlà yín ò kú, sìmẹ́ǹtì ló jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó máa hù padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì, ẹ má fọwọ́ kan ọṣẹ, ẹ máa fi ìpara pa á láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ jókòó, Bàbá."

Bíríkìlà wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n fún. Ilé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti dé ojú fèrèsé, ilé opó kan àtàwọn ọmọ rẹ̀. Kò rí bó ṣe máa ṣe é. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti pinnu pé òun máa gbé e fún ẹnìkejì òun nínú iṣẹ́, ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Má-Kánjú, torí pé bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀.

Bí ìjókòó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Àwọn èèyàn máa ń ní ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Èṣù ò rí ti bíríkìlà bẹ̀, torí ìyàwó rẹ̀ kò gbójú kúrò lára ọwọ́ náà. Bó bá fọwọ́ kan abọ́, "Ọṣẹ wà lára ẹ̀!" Bó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tó ń dún, "Ẹ jẹ́ kí n ṣí i!" Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ ní òpópónà kejì, fi àjákù aṣọ olódòdó rán ìbọ̀wọ́ fún bàbá rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ló fi bọ́tìnnì sí, mẹ́ta mẹ́ta, kó má bàa lè dá a bọ́. Àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí i: "Bàbá, ìgbéyàwó ta là ń lọ?"

Ohun kan ṣoṣo ló rí ṣe. Lálaalẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá ti kíláàsì dé, tó ń se oúnjẹ, bíríkìlà á jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí itan, á máa fi ìbọ̀wọ́ olódòdó ṣí i, á máa ka ìbéèrè jáde bí ẹni ń gun òkè. "Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ọkàn... ọkàn àgbàlagbà... ń lù ní ìṣẹ́jú kan?" Ìyàwó á dáhùn, á da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bó bá dáhùn dáadáa, ọkọ á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n!" bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìwé ọ̀hún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ lójú mìíràn. Ṣùgbọ́n ìwé náà kó bá a: nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bíríkìlà ti ní àìsàn mẹ́rin. Ó ka ìlù ọkàn rẹ̀ láàárọ̀, ó kà á lọ́sàn-án, ó ní òun ò rò pé òun máa rí ọjọ́ Sátidé.

"Kò sóhun tó ṣe yín," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ìjókòó ló ń dùn yín."

Òun gan-an ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Mẹ́tírónì ń bi í, "Lẹ́tà dà?" Á ní, "Ó ń bọ̀, mà." Á wọ ilé ìwẹ̀ ilé ìwòsàn, á ti ilẹ̀kùn, á sunkún díẹ̀, á bọ́jú, á jáde wá nu ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, kò kàn fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tètè kúrò níbi iṣẹ́. Ó délé, kò bá ẹnikẹ́ni. Ìbọ̀wọ́ méjèèjì wà lórí àga, bọ́tìnnì ti já, ọ̀kan ti yí lọ sábẹ́ tábìlì. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó kọrí síbi ilé opó náà tòun ti aṣọ iṣẹ́.

Bíríkìlà wà lórí pákó, sìmẹ́ǹtì dé ìgúnpá rẹ̀. Má-Kánjú dúró nísàlẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá!"

Bíríkìlà yíjú. Búlọ́ọ̀kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kí n gbé èyí lé e ná," ó ní. Ó gbé e lé e, ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún," ìyàwó rẹ̀ ní. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún la ti ń pa ìpara."

"Má-Kánjú wá kí mi lọ́sàn-án. Ó ní ògiri wọ́ díẹ̀, pé kò ṣe nǹkan, pé àwọn máa fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ bò ó. Díẹ̀ kọ́, ìyàwó, ògiri yẹn ti tẹ̀ lọ. Ìdí ẹ̀ gan-an ni obìnrin yẹn máa tẹ́ ẹní fáwọn ọmọ ẹ̀ sí. Ṣé kí n jókòó sílé kí n máa ka ìlù ọkàn mi, kó wó lu ọmọ ọlọ́mọ?"

Ìyàwó bíríkìlà jókòó sórí òkìtì iyanrìn. Ó wo ògiri náà. Ibi tí ọkọ rẹ̀ tún tò dúró ṣánṣán, èyí tó kù tí wọn ò tíì wó ń tẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yẹn gan-an ló ń dùn ún.

"Mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kó bí mi."

"Kó bí ọ." Bíríkìlà jókòó tì í. "Ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín níjọ́sí, tí o nawọ́ gba abẹ́ apá mi, inú mi dùn, ojú sì tì mí. Mi ò sọ fún ọ rí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé káàdì yẹn kiri, mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló wà nínú ẹ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá tún kọ̀ mí, tí o pàdánù ìdánwò nítorí mi, mi ò mọ ojú tí màá fi máa wò ọ́."

"Ojú tí ẹ fi ń wò mí náà ni. Ẹ ò bẹ̀ mí níjọ́ náà. Èmi ni mo kánjú."

"Ẹ má bínú, ìyàwó wa," Má-Kánjú ní láti ọ̀ọ́kán. "Èmi tí mi ò kánjú náà, ẹ ṣáà wo ohun tí mo ṣe."

Wọn ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Ìyàwó bíríkìlà dìde, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù omi, ó sì fọ sìmẹ́ǹtì náà kúrò ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni akọ̀wé dá fún wọn. Ìyàwó bíríkìlà ní àwọn ò ní lọ lọ́jọ́ náà mọ́. Ọjọ́ Ẹtì làwọn máa lọ, kí awọ ọwọ́ lè rí ọjọ́ méjì sí i. Bíríkìlà ní, "Sátidé ni ìdánwò." Ìyàwó rẹ̀ ní, "Mo mọ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí akọ̀wé tó dé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣáájú wọn. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ti lù kó tó kàn wọ́n. Bíríkìlà gbé ọwọ́ ọ̀tún lé gíláàsì. Ẹ̀rọ kọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ tó fi gbé búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́sí nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ òsì lé e: ìka tó kéré jù, iná àwọ̀ ewéko yọ! Èyí tó tẹ̀ lé e, ewéko. Ti àárín, ewéko. Ìka ìfábẹ̀lá, pupa. Àtàǹpàkò, pupa.

"Mẹ́ta," akọ̀wé ní. "Ó ku ọ̀kan. Bàbá, ọwọ́ yín ti ń làágùn. Ẹ dúró, kí n lọ mú òwú wá nínú yàrá." Ó dìde, ó wọlé lọ.

Ó wá ku tọkọtaya náà nídìí ẹ̀rọ. Ìyàwó bíríkìlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, níbi tó wà lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn gan-an. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wọn tú èémí ìbínú jáde. "Màámi, ẹ kúkú bá wọn fi tiyín kún un jàre! Wọ́n máa tó palẹ̀ mọ́!"

Ẹ gbọ́, mi ò ní parọ́ fún yín: ọwọ́ obìnrin náà gbéra. Ó wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí gíláàsì rárá, ó sì gbéra. Ìka kan péré ni. Ọ̀la ni ìdánwò. Bíríkìlà rí ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀, kò yẹ apá fún un. Ìyàwó bíríkìlà fa ọwọ́ padà, ó kó méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú pinpin.

"Tiyín ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, Bàbá," ó ní. "Mo lè dúró."

Akọ̀wé jáde tòun ti òwú àti omi tútù. Ó nu àtàǹpàkò òsì bíríkìlà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi bà á bí ìgbà téèyàn bá fọwọ́ kan ọmọ tuntun." Bíríkìlà rọra gbé e lé gíláàsì. Pupa. Ó gbé e kúrò. Akọ̀wé tún nu gíláàsì ẹ̀rọ náà. Bíríkìlà tún rọra gbé e lé e, ó di ojú.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Igbe tó ké mú kí àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn sáré gòkè wá.

"Ó gbà?" Bíríkìlà bi akọ̀wé, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

"Ó gbà o, Bàbá. Wọ́n ti bí yín."

Ọkùnrin ẹ̀yìn ìlà tó ń fìbínú mí lẹ́ẹ̀kan náà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo èrò bá a pa á. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì kan, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, díẹ̀díẹ̀, ìyàwó bíríkìlà sì dúró tì í, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ de ìwé náà. Ìwé náà ṣì gbóná nígbà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kà á fún ọkọ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọge ti ń wọlé pẹ̀lú ìwé ìwọlé wọn, alábòójútó ìdánwò ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Nígbà tó kan ìyàwó bíríkìlà, alábòójútó gba lẹ́tà rẹ̀, ó kà á, ó pe ẹnìkejì rẹ̀, ìyẹn náà kà á. Wọ́n ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ó dúró. Bíríkìlà wà lẹ́yìn irin géètì, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Èrò wọlé tán, ó ku ìyàwó bíríkìlà nìkan. Alábòójútó fóònù ibì kan, ó ka nọ́ńbà àtijọ́, ó ka tuntun, ó tẹ́tí, ó sọ fóònù kalẹ̀.

"Màámi, ẹ wọlé. Àga kejì lápá ọ̀tún."

Àwọn kan gbórí sókè wò ó bó ṣe ń kọjá. Ó jókòó. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ní àyè tí wọ́n fẹ́ kó kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí, àpótí kéékèèké mọ́kànlá. Ó kọ tuntun náà sínú wọn láìwo lẹ́tà. Ní abẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ kan tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó ṣí ìwé: "Mo jẹ́rìí pé èmi nìkan ṣoṣo ni mo ni nọ́ńbà yìí, pé kì í ṣe ti ẹlòmíràn."

Ẹ̀rín gba ẹnu ìyàwó bíríkìlà, ó dún jáde nínú gbọ̀ngàn tó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Màámi, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" alábòójútó bi í.

"Kò sí, mà," ó ní. "Òótọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ó fọwọ́ sí i, ó sì ṣí ìwé.